Ìwádìí Tí Ẹni Tó Ni Ín Kò Rí Kà

Oúnjẹ àárọ̀ ti ń tutù. Tíṣà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn bàbá rẹ̀, abọ́ ìrẹsì rírọ̀ wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ṣíbí wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń dúró kí bàbá gbé èyí tó wà lẹ́nu mì. Ó ti wọ aṣọ iṣẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ á ti máa tò lórí ìlà báyìí. Ó fẹ́ sọ fún bàbá pé kí wọ́n yára díẹ̀, ṣùgbọ́n ó pa á mọ́ra, torí yíyára ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀.

Nígbà tó yá, bàbá gbé e mì. Tíṣà fún un lómi kó fi tì í sísàlẹ̀. Omi náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí ikọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, omi ń jáde nímú rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì tó ṣì lágbára di aṣọ ibùsùn mú. Tíṣà gbé abọ́ sílẹ̀, ó gbé e dìde, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ń sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Nígbà tí ikọ́ náà fi máa rọlẹ̀, àwọn méjèèjì ń mí bí ẹni tó gun òkè. Ìrẹsì ti dà sára aṣọ iṣẹ́.

Ó lọ pààrọ̀ aṣọ. Ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, bó ṣe pẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọlu bàbá yìí, onígbàjámọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju àga kan, dígí kan àti bẹ́ǹṣì kan lọ, ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì náà kì í ṣófo, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ kò ní irun tí wọ́n fẹ́ gé. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń wá gbọ́. Bí ẹnì kan bá wọlé tó ní òun ń kánjú, bàbá á ní kó jókòó, kò ní pẹ́. Á wá gé apá kan orí, á dúró, á gbé sísọ́ọ̀sì sókè, á bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Bó ṣe di ẹni tí wọ́n ń pè ní Kò-Ní-Pẹ́ nìyẹn.

Àrùn náà mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì mú ọ̀rọ̀ náà lọ. Èyí tó kù kò ju ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ ti kú ṣáájú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tíṣà yìí, ló kù nílé pẹ̀lú rẹ̀. Èyí ọkùnrin ń gbé níbi tó jìnnà, ó sì máa ń pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù láti dá àbá. Ó ní kí wọ́n máa lọ oúnjẹ bàbá dáadáa. Ó ní kí omi má wọ́n bàbá. Tíṣà kì í bá a jiyàn. Ó ti kíyè sí i pé bí ẹ̀gbọ́n òun ṣe jìnnà sí bàbá tó ni àbá rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Ikọ́ yẹn nìkan kọ́ ni ìṣòro. Oúnjẹ tàbí omi tó bá ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró lè di òtútù àyà, òtútù àyà yìí sì ti gbé bàbá dé ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Orí àga ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni tíṣà ti ń jí lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, bàbá ti fúyẹ́ débi pé ọmọ rẹ̀ nìkan ló gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò wọn. Òun ló máa ń wá wo bàbá nílé. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ọsibítù dé, ó bèèrè lọ́wọ́ tíṣà pé kí ni wọ́n kọ́ ọ nípa bí a ṣe ń fún bàbá lóúnjẹ. Tíṣà ní wọ́n ní kóun máa ṣe sùúrù. Nọ́ọ̀sì ní ṣé kò ju ìyẹn lọ. Tíṣà ní kò ju ìyẹn lọ.

Ibẹ̀ ni tíṣà ti rántí ìwádìí náà. Nígbà tí àrùn yìí ṣì jẹ́ tuntun, dókítà obìnrin kan ní ọsibítù ńlá wá bá wọn lórí ibùsùn. Ó ní àwọn ń wádìí bí àwọn tó ní irú àrùn yìí ṣe ń gbé oúnjẹ mì, àti ohun tí a lè ṣe kí òtútù àyà má bàa mú wọn. Ó ní owó ìlú ni wọ́n fi ń ṣe é. Bàbá gbà, ó sì fi ọwọ́ òsì tẹ̀ka. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ni tíṣà ń gbé e lọ gbé e bọ̀. Wọ́n á ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí bọ imú rẹ̀ lọ sí ọ̀fun, wọ́n á ní kó gbé èyí mì, kó gbé tọ̀hún mì. Omi máa ń dà lójú rẹ̀. Kò kọ̀ lọ́jọ́ kan. Nígbà tí ìwádìí parí, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Nọ́ọ̀sì mú fóònù rẹ̀ jáde, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ tó fi rí i. Wọ́n ti tẹ ìwádìí náà jáde nínú jọ́nà kan, ìyẹn ìwé tí àwọn oníṣègùn máa ń kọ àbájáde ìwádìí wọn sí, ó sì ti lé ní ọdún kan. Nọ́ọ̀sì ka àkékúrú tó wà níwájú rẹ̀ sókè: ọ̀nà ìjẹun kan wà tó dín òtútù àyà kù gidigidi láàárín àwọn tí wọ́n kọ́ ní ọ̀nà náà. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ wà nínú àpilẹ̀kọ náà fúnra rẹ̀.

Ó tẹ ibi tí wọ́n ní kí ó tẹ̀ láti kà á. Ojú ìwé tó ṣí sílẹ̀ ń bèèrè owó. Iye náà kì í ṣe ohun tí tíṣà tàbí nọ́ọ̀sì lè yọ nínú owó oṣù wọn.

Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò ó. Bàbá náà ń wò wọ́n láti orí ibùsùn.

“Bàbá wà nínú ìwé yìí,” ni nọ́ọ̀sì wí níkẹyìn. “Wọ́n wà níbẹ̀, àwa ò sì lè wọlé lọ bá wọn.”

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí iṣẹ́ parí, tíṣà gba ọsibítù ńlá lọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì dókítà náà pẹ̀lú àwọn ìwé ìdánwò tó yẹ kó máa mààkì lórí itan rẹ̀. Nígbà tí dókítà ti wọ́ọ̀dù dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ènìyàn kọ́kọ́ máa rí pé ó wú. Ó dá tíṣà mọ̀. Ó bèèrè bàbá, ó sì fara balẹ̀ gbọ́ èsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí tíṣà bèèrè ìwé náà fún nọ́ọ̀sì àdúgbò wọn, ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun ti fọwọ́ sí i fún àwọn onítẹ̀wé pé tiwọn ni. Ó ní bí òun alára bá wà nílé òun, òun ò lè ṣí i. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é níbi gbogbo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí fún un lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pè é láti wọ́ọ̀dù kí ó tó sọ gbólóhùn kejì.

Tíṣà kò gbé ohùn sókè. Kò ní agbára ìyẹn.

“Dókítà, ẹ̀yin lẹ ki rọ́bà bọ imú bàbá mi. Bàbá mi ò sọ pé rárá. Ṣé àwọn tó ń ta ìwé yẹn ló wá ni ọ̀fun bàbá mi ni?”

Dókítà dúró pẹ̀lú ọwọ́ lára ilẹ̀kùn. Ó ní kó má bínú. Lẹ́yìn náà ó lọ sí wọ́ọ̀dù, tíṣà sì kó ìwé ìdánwò rẹ̀, ó lọ wọ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa dókítà yìí. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ń ṣiṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta. Ó ń wo aláìsàn, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń ṣe ìwádìí ní àkókò tó yẹ kó máa fi jẹun. Òun náà ní ìṣòro tirẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ti kọ̀wé sí àjọ tó fún un lówó ìwádìí àkọ́kọ́ pé kí wọ́n tún ran òun lọ́wọ́, kí òun lè gbé ọ̀nà ìjẹun yìí lọ sí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké. Wọ́n fèsì pé àwọn dá ìbéèrè rẹ̀ dúró ná. Kò mọ ìdí. Ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn wá bá a lórí èyí, kò sì jẹ́ kó gbádùn.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ kàwé, tó ti di alábòójútó nínú àjọ náà. Ó lọ bá a ní ọ́fíìsì. Fáìlì kún orí tábìlì, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń yí lókè láìfẹ́ atẹ́gùn kankan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bu tíì fún un. Àwọn méjèèjì kọ́kọ́ ráhùn nípa ẹ̀yìn dídùn bí àwọn tó ti ń dàgbà ṣe máa ń ṣe, kí wọ́n tó kan ọ̀rọ̀. Dókítà sọ ti ìbéèrè owó rẹ̀ fún un, ó sì sọ ti tíṣà àti nọ́ọ̀sì àdúgbò tí wọ́n ń wá ìwé náà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé pé nígbà tí ìbéèrè tuntun dé, àwọn wá ohun tí owó àkọ́kọ́ mú jáde. Àwọn kò rí nǹkan kan. Àpilẹ̀kọ náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ àjọ kò sí níbẹ̀, nọ́ńbà owó ìrànwọ́ náà kò sì sí níbẹ̀. Lójú àwọn tó ń ka àkọsílẹ̀ àjọ, ńṣe ló dà bíi pé owó wọlé, iṣẹ́ kò jáde.

Dókítà ní àwọn onítẹ̀wé ló ní kí àwọn dín ọ̀rọ̀ kù. Ìpínrọ̀ ìdúpẹ́ ni òun yọ, torí òun rò pé ìkíni lásán ni.

“Kì í ṣe ìkíni,” ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. “Ẹni tó ń kà á gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó sanwó iṣẹ́ náà. Ká ní àwọn tó ń ta oògùn ló sanwó fún un, ṣé o ò ní fẹ́ mọ̀ kóo tó gba ohun tí wọ́n kọ gbọ́? Owó ìlú la sì fún ẹ. Àwọn tó ń san owó orí ní ẹ̀tọ́ láti rí ibi tó lọ.”

Ó fi kún un pé ọ̀rọ̀ kejì wà nínú àdéhùn tí dókítà fọwọ́ sí, ó sì dájú pé kò kà á tán. Ẹni tó bá gba owó yìí gbọ́dọ̀ mú ẹ̀dà àpilẹ̀kọ rẹ̀, èyí tí jọ́nà ti yẹ̀ wò tó sì ti gbà wọlé, kó fi í sí ilé ìkàwé ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àjọ là sílẹ̀, láàárín àsìkò tí àdéhùn sọ. Dókítà ní àwọn onítẹ̀wé ńkọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ wọn ló gba olùwádìí láyè láti fi ẹ̀dà tirẹ̀ síta, kódà bí wọ́n bá ń ta èyí tí àwọn tò dáadáa. Kí ènìyàn wo ìwé àdéhùn wọn, kó bi wọ́n, kó sì sọ fún wọn kí wọ́n tó gba iṣẹ́ rẹ̀ pé báyìí ni àjọ tó fún òun lówó ṣe wí. Nọ́ọ̀sì àdúgbò yẹn náà, dókítà lè fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí i lónìí. Kò sẹ́ni tó máa mú un fún ìyẹn.

Dókítà pa ojú dé díẹ̀. “Ṣé o mọ bó ṣe rẹ̀ mí tó?”

“Mo mọ̀. Ó rẹ èmi náà. Ó tún rẹ ọmọ tó ń fún bàbá rẹ̀ lóúnjẹ yẹn jù wá lọ, òun ò sì rí ẹni tó máa bu tíì fún un.”

 Dókítà mu tíì rẹ̀ tán, ó sì lọ.

Ó fi ẹ̀dà àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ó kà á, ó tún un kà, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i. Lọ́jọ́ kejì tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, ó wá sílé wọn. Ó ní kí wọ́n gbé bàbá kúrò lórí ìdùbúlẹ̀, kí wọ́n gbé e jókòó sórí àga gidi, kí ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ó kọ́kọ́ fọ ẹnu rẹ̀ mọ́, eyín, ahọ́n àti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí ìdọ̀tí ẹnu wà lára ohun tó ń di àìsàn nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó fún un ní ṣíbí kékeré kan, ó dúró, ó wo inú ẹnu bóyá nǹkan kù níbẹ̀, kó tó fún un ní òmíràn. Nígbà tí oúnjẹ parí, ó tún fọ ẹnu náà, ó sì ní kó ṣì máa jókòó, kí wọ́n má yára tẹ́ ẹ sórí ibùsùn.

Tíṣà na ife omi sí i bó ṣe máa ń ṣe. Nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì.

Ó ṣàlàyé fún un jẹ́jẹ́. Omi ṣíṣàn máa ń yára, ọ̀fun tí àrùn ti mú kò lè bá a sáré, òun ló tètè ń ṣìnà jù. Nínú àwọn tí wọ́n fi kámẹ́rà wò, omi ló ṣìnà lọ jù. Ohun mímu tí wọ́n bá mú kó nípọn díẹ̀, ní ìwọ̀n tí òun máa fi hàn án, ni kó máa fún bàbá pẹ̀lú ṣíbí. Kó má sì fi omi ti oúnjẹ mọ́.

Tíṣà jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà. 

“Omi ni. Mo ń fún wọn lómi kó lè rọrùn fún wọn.”

“O ò mọ̀ ni, ọmọ mi.”

“Wọ́n ti mọ̀ lọ́sibítù. Ó ti lé lọ́dún kan.”

 Nọ́ọ̀sì ń nu ṣíbí náà gbẹ.

Iṣẹ́ tó kù fún dókítà kò yá bí ènìyàn ṣe lè rò. Ó kọ́kọ́ ní láti wá ẹ̀dà tó tọ́ láàárín àwọn ẹ̀dà tí orúkọ gbogbo wọn ń jẹ́ “àṣekágbá”. Ó gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ kọ ọ́. Ó kọ̀wé sí jọ́nà pé kí wọ́n tẹ àtúnṣe jáde, kí wọ́n fi orúkọ àjọ àti nọ́ńbà owó ìrànwọ́ sí i, kí wọ́n sì sọ pé àjọ kò dá sí ohun tí wọ́n rí nínú ìwádìí. Àwọn jọ́nà kò tètè fèsì. Ó kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún kọ̀wé. Nígbẹ̀yìn, àtúnṣe jáde, àpilẹ̀kọ náà sì bọ́ sí ilé ìkàwé ọ̀fẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni tó ní fóònù ti lè kà á. Dókítà fi ojú ìwé kan tí wọ́n kọ ní èdè tí gbogbo ènìyàn gbọ́ sí i lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe ìyẹn. Àjọ tún gbé ìbéèrè rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n sì fún un lówó kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dín sí èyí tó bèèrè.

Bàbá kò dìde rìn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò padà wá bíi ti ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣì ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, oúnjẹ àárọ̀ sì ti wá ń gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé tíṣà ní láti máa jí ṣáájú bó ṣe ń jí. Àmọ́ òtútù àyà kò gbé wọn dé ọsibítù mọ́. Ara rẹ̀ ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wá ń kọ́ àwọn ará ilé tó bá ní irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, ní gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó wá yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò jókòó sẹ́yìn, ó ń gbọ́. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, òtútù àyà ló sì pa á ní bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Nígbà tí gbogbo ènìyàn lọ tán, ó bá nọ́ọ̀sì níbi tó ti ń to àga.

“Ìgbà wo ni wọ́n ti mọ èyí?”

Nọ́ọ̀sì ronú bóyá kí òun parọ́ fún un. Kò parọ́. Ó sọ ìgbà tó jẹ́ fún un.

Obìnrin náà mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣe ìṣirò tó ti mọ èsì rẹ̀. Ó bá nọ́ọ̀sì to àga tó kù, ó sì gba ilé lọ.

Ẹ̀yin olùwádìí, nítorí obìnrin yẹn la ṣe ń sọ èyí. Bí àjọ kan bá fún yín lówó ṣe ìwádìí, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà owó náà sínú gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀ jáde, kódà bí wọ́n bá ní kí ẹ dín ọ̀rọ̀ kù. Ẹ ka àdéhùn yín títí dé òpin kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí jọ́nà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà tí wọ́n gbà wọlé sí ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́, láìjẹ́ kí àsìkò kọjá. Bí ẹ bá ti gbàgbé, kò tíì pẹ́ jù. Ẹ kọ̀wé lónìí kí wọ́n ṣàtúnṣe.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tí ẹ bá dé ojú ìwé tó ń bèèrè owó, ẹ má padà lẹ́yìn. Ẹ wá ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀, bí kò bá sí, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ṣe ìwádìí náà. Ọ̀pọ̀ wọn ni inú wọn á dùn pé ẹnì kan fẹ́ ka ohun tí wọ́n kọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn nílé, ẹ má dá ohun tí ẹ kà ṣe fúnra yín. Ẹ gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó mọ aláìsàn náà. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ wá bá wọn ṣe ìwádìí, kí ẹ tó tẹ̀ka, ẹ bi wọ́n pé ibo ni a ti máa rí èsì rẹ̀ kà. Bí ìwádìí náà bá ti parí láti ọjọ́ pípẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan fún yín, ẹ padà lọ bèèrè. Ẹ̀tọ́ yín ni.